Ǹjẹ́ Ìjọba Lè Fi Òfin De Ọ̀rọ̀ Àdììtú?

Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ gbé yẹ̀ wò kì í ṣe àjèjì sí wa. Àwọn baba wa a máa fi owó ẹyọ àti ìyẹ́ pa àrokò, tí ẹni tí a fi rán sì lè má mọ ohun tí ó ń wí. Lóde òní, ìṣirò inú kọ̀ǹpútà ni a fi ń sọ ọ̀rọ̀ di àdììtú. Ǹjẹ́ ìjọba lè gba irú àrokò yìí lọ́wọ́ ará ìlú?

Ẹ jẹ́ kí a wo ilẹ̀ Amẹ́ríkà. Ní ọdún 1991, Philip Zimmermann ṣe ètò kọ̀ǹpútà kan tí ó pè ní PGP, ó sì fi í ta ará ìlú lọ́rẹ. Lẹ́tà tí a bá fi dì, ẹni tí kò bá ní kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ kò lè kà á. Láìpẹ́, ètò náà tàn dé òkè òkun. Lójú òfin ìgbà náà, ohun ìjà ogun ni irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Kò gbọdọ̀ jáde ní ìlú láìgba àṣẹ. Ní ọdún 1993, ìjọba bẹ̀rẹ̀ sí wádìí Zimmermann. Ní ọdún 1995, ilé ìtẹ̀wé MIT tẹ àkọsílẹ̀ ètò náà bí ìwé. Ta ni yóò ka ìwé sí ìbọn? Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1996, ìjọba fi ìwádìí náà sílẹ̀ láìpè é lẹ́jọ́.

Ní ọdún 1993 kan náà, ìjọba Bill Clinton gbé Clipper jáde, ẹ̀rọ kékeré inú tẹlifóònù tí ìjọba yóò ní kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ ní ìpamọ́. Ní ọdún 1994, Matt Blaze fi hàn pé ẹni tí ó ń lò ó lè yẹ etí ìjọba sílẹ̀. Àwọn ènìyàn kò náání rẹ̀, ó sì kú ikú ara rẹ̀. Ní ọdún 2000, ìjọba tú òfin kíkó àdììtú lọ sókè òkun lójú.

Ẹ̀rù tí ń ba ìjọba kì í ṣe lásán: ajínigbé náà ń fi ọ̀rọ̀ pamọ́. Ṣùgbọ́n kọ́kọ́rọ́ tí a fi pamọ́ fún ọlọ́pàá, olè lè rí i jí. Òfin lè mú ilé iṣẹ́ ńlá, nítorí pé a mọ ojúlé rẹ̀. Ìmọ̀ kò ní ojúlé. Bí a bá fi òfin de àdììtú, ọmọlúàbí ni yóò já tirẹ̀ sílẹ̀. Ọ̀daràn yóò máa lo tirẹ̀ lọ. Ìjọba lè fa ìmọ̀ sẹ́yìn fún ìgbà díẹ̀. Kò lè dá a padà sínú orí tí ó ti jáde.