Ìjọ Àgùdà lábẹ́ Ìjọba Faransé ní Dahomey

Ní Dahomey, tó di Benin lónìí, àwọn fádà ti wà nílẹ̀ kí ìjọba Faransé tó dé. Ẹgbẹ́ míṣọ́nnárì SMA, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Lyon ní 1856, gúnlẹ̀ sí Ouidah ní ọjọ́ 18 oṣù kẹrin ọdún 1861, nígbà tí ọba Àgbómẹ̀ ṣì ni aláṣẹ ibẹ̀. Francesco Borghero tó ṣáájú wọn kì í tilẹ̀ ṣe ará Faransé; ọmọ Ítálì ni.

Ogun láàárín Faransé àti Àgbómẹ̀ ló so ìjọ àti ìjọba pọ̀. Ní 1890, àwọn èèyàn ọba Àgbómẹ̀ mú Fádà Alexandre Dorgère àti àwọn òyìnbó míì ní Ouidah, wọ́n sì kó wọn lọ sí Àgbómẹ̀. Nígbà tí wọ́n tú u sílẹ̀, Faransé tún rán an padà sí Béhanzin, ọba Àgbómẹ̀, láti ṣe alárinà. Iṣẹ́ rẹ̀ ló bí àdéhùn ọjọ́ 3 oṣù kẹwàá: ọba yóò jẹ́ kí Faransé wà ní Cotonou, yóò sì gbà pé Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) wà lábẹ́ ààbò Faransé, Faransé yóò sì máa san owó tí kò ju 20,000 faransì lọ fún un lọ́dọọdún. Ọdún méjì péré ni àdéhùn náà lò. Ní 1892, Ọ̀gágun Dodds ti Faransé kó ogun wọ Àgbómẹ̀. Ta ni yóò dá aráàlú lẹ́bi bí ó bá ka fádà àti ṣọ́jà sí ọmọ ìyá kan náà?

Síbẹ̀, ìjọba Faransé kò fọkàn tán ìjọ kankan. Òfin ọjọ́ 14 oṣù kejì ọdún 1922 sọ pé ilé ìjọsìn gbọ́dọ̀ gba àṣẹ, àti pé èdè Faransé, Látìn tàbí èdè ìbílẹ̀ nìkan ni kí wọ́n fi jọ́sìn. Gẹ̀ẹ́sì ni òfin yìí ń lé, ó sì kan àwọn Mẹ́tọ́díìsì, tí míṣọ́n wọn ti Ìlú Ọba wá. Ṣáájú èyí, ní Côte d'Ivoire tó wà lábẹ́ Faransé bákan náà, wọ́n ti lé wòlíì Kristẹni kan, William Wadé Harris, jáde ní òpin 1914, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ń rọ àwọn èèyàn láti ṣiṣẹ́ kí wọ́n sì gbọ́ràn síjọba.

Ní ilẹ̀ Yorùbá tó wà lábẹ́ Faransé, níbi tí Kpoulou àti àwọn abúlé Adja-Ouèrè wà, owó orí, iṣẹ́ ipá àti ìkónisọ́jà ni àwọn èèyàn fi mọ ìjọba. Àwọn Ọ̀họ̀rí tó múlé gbè wọ́n dìde ogun láàárín 1914 sí 1916. Ọ̀pọ̀ èèyàn agbègbè náà kó ẹrù kọjá ààlà tí Faransé àti Gẹ̀ẹ́sì pín ní 1889, wọ́n lọ bá ẹbí wọn ní ìhà Nàìjíríà.

Ọ̀rọ̀ iṣẹ́ ipá yìí ló ya fádà kan sọ́tọ̀. Francis Aupiais dé Dahomey ní 1903, ó sì lo ọ̀pọ̀ ọdún ní Àjàṣẹ́. Ní 1925 ó dá ìwé ìròyìn La Reconnaissance Africaine sílẹ̀, níbi tí àwọn ọmọ ilẹ̀ náà, bíi Paul Hazoumé, ti kọ̀wé nípa àṣà wọn. Ìgboyà ńlá ni, nítorí àwọn òyìnbó ẹgbẹ́ rẹ̀ tó ka irú àṣà bẹ́ẹ̀ sí iṣẹ́ Èṣù kò kéré. Ní òpin àwọn ọdún 1920, ó fi ẹnu àti kálàmù tako iṣẹ́ ipá ní gbangba.

Ní 1945, wọ́n dìbò yan òun àti Sourou Migan Apithy, ọmọ Àjàṣẹ́ tó ti kọ́ rí, sí ilé ìgbìmọ̀ ní Paris láti ṣojú Dahomey àti Togo. Aupiais kú ní oṣù kejìlá ọdún náà. Ní oṣù kẹrin 1946, ilé ìgbìmọ̀ yẹn ṣòfin tó fòpin sí iṣẹ́ ipá ní gbogbo ilẹ̀ tí Faransé ń ṣàkóso. Apithy wà lára àwọn aṣòfin rẹ̀.