Ìṣígun, Ẹ̀bùrú, Ìdótì: Ogun Bọ́mà Lẹ́nu Yorùbá

Ìkọlù ni mo kọ́kọ́ kọ. Mo fẹ́ sọ ohun tí àwọn ọmọ ogun Japan ṣe ní oṣù kẹta 1944, nígbà tí àwọn bí 85,000 gbéra ní Bọ́mà, tí ọ̀pọ̀ wọn la odò Chindwin kọjá, tí wọ́n forí lé Imphal àti Kohima ní ilẹ̀ Íńdíà. Mo ka gbólóhùn náà sókè, ó rọ̀ lẹ́nu mi bí ẹ̀kọ tí kò dì. Ọmọ ìta méjì tó fi ìgò ya ara wọn ní gáréèjì, ìkọlù ni oníròyìn ń pè é. Ohun tí ọ̀gágun Mutaguchi Renya dáwọ́ lé ju bẹ́ẹ̀ lọ. Dífíṣọ̀n mẹ́ta ló kó gun orí òkè, pẹ̀lú ìbọn, pẹ̀lú ẹṣin, pẹ̀lú agbo màlúù.

Ọ̀rọ̀ tí mo ń wá kò jìnnà. Àwọn tó ja ogun ní ilẹ̀ wa láyé ọjọ́un ti lò ó gbó: ṣígun. Ìbàdàn ṣígun, Ẹ̀gbá ṣígun. Ẹni tó bá kọlù ọ́ lè má rìn ju ẹsẹ̀ mẹ́wàá lọ, àmọ́ ẹni tó ṣígun ti ṣí kúrò nílé. Ó ní ọ̀nà tí yóò tọ̀, ó ní òjò tí yóò bá a lọ́nà, ó sì ní láti mọ ohun tí yóò máa jẹ. Ìṣígun ni mo kọ dípò ìkọlù, ìtàn náà sì dúró.

U-Go ni orúkọ ìṣígun yìí. U kàn jẹ́ lẹ́tà kan nínú ìkọ̀wé wọn ni, bí ìgbà tí akọ̀wé bá kọ A tàbí B sí ẹ̀yìn fáìlì. Kò sí ohun tí a fẹ́ túmọ̀ níbẹ̀. Ìṣígun U, ó parí. Àwa kì í fi lẹ́tà sọ ogun lórúkọ. Ìró àgbá ló sọ Kírìjì ní Kírìjì, ogun tó gba gbogbo ayé yìí sì ni àwọn àgbà wa ń pè ní ogun Hitler.

Ṣáájú U ni Ha-Go, tó bẹ̀rẹ̀ ní agbègbè Arakan ní Bọ́mà ní oṣù kejì 1944. Ìtànjẹ ni wọ́n fi ṣe, kí Gẹ̀ẹ́sì lè kó àwọn ọmọ ogun tó fi pamọ́ lọ síbi tí ogun gidi kò sí. Níbẹ̀ ni mo ti rí i pé èdè wa mọ igbó ju bí mo ti rò lọ. Àwọn ọmọ ogun ọ̀gágun Sakurai ti Japan kò kojú Dífíṣọ̀n Keje ti Íńdíà níwájú. Wọ́n gba inú igbó kìjikìji, wọ́n sì yọ sí i lẹ́yìn, tó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n fi bá ọ̀gá dífíṣọ̀n náà, Messervy, ní ibùdó rẹ̀ gan-an, tí ọ̀gá náà sì fẹsẹ̀ la igbó sá dé Sinzweya. Ọ̀pọ̀ gbólóhùn ni àwọn ìwé ogun fi ń ṣàlàyé irú ìrìn yìí. Yorùbá ní wọ́n gba ẹ̀bùrú. Ọmọdé tó ń sá fún ẹgba ìyá rẹ̀ mọ ẹ̀bùrú. Mi ò rí ìdí tí ọmọ ogun kò fi ní í mọ̀ ọ́n.

Ibi tí Messervy sá dé ló fún mi níṣẹ́. Àpótí ni àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì ń pe irú ibùdó bẹ́ẹ̀, nítorí gbogbo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ló ń dáàbò bo ara rẹ̀. Ẹ kọ àpótí sínú ìtàn ogun Yorùbá kí ẹ wò ó: aṣọ ni òǹkàwé máa rò pé ó wà níbẹ̀, tàbí kí ó fẹ́ jókòó lé e. Mo pè é ní bùdó olójú-mẹ́rin, nítorí ojú tí a fi ń wòran ni ojú, ìhà sì tún ni ojú. Ó lé ní ọ̀sẹ̀ méjì tí bùdó náà fi ojú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ṣọ́nà, tó sì jẹ́ pé akọ̀wé àti awakọ̀ wà lára àwọn tó gbé ìbọn níbẹ̀. Kò bọ́ sọ́wọ́ ọ̀tá, oúnjẹ tí Japan sì gbójú lé pé wọn yóò kó níbẹ̀, wọn kò rí i kó.

Oúnjẹ ni gbogbo ọ̀rọ̀ náà. Oúnjẹ nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni Mutaguchi fún àwọn èèyàn rẹ̀. Ó fi ọgbọ́n Genghis Khan kún un, ó ní kí wọ́n máa da màlúù lọ, ẹran tí yóò ru ẹrù tí wọn yóò sì pa jẹ. Mo pè é ní oúnjẹ ẹlẹ́sẹ̀-mẹ́rin. Odò Chindwin gbé púpọ̀ nínú wọn lọ, òkè sì pa nínú àwọn tó kù.

Ní Kohima, Dífíṣọ̀n Kọkànlélọ́gbọ̀n ti Sato Kotoku dó ti ìlú náà ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹrin. Ìdótì kò nílò àtúnṣe kankan, Bíbélì ti fi kọ́ wa. Àfi pé ẹni tó bá dó ní láti jẹun. Ọkọ̀ òfurufú ń ju oúnjẹ sí àwọn tí a dó tì, ebi sì ń pa àwọn tó dó tì wọ́n. Níbì kan, pápá tẹ́níìsì tó wà nílé aṣojú ìjọba Gẹ̀ẹ́sì nìkan ló la àwọn méjèèjì láàárín, tí wọ́n ń sọ àdó olóró lu ara wọn láti ìhà kan sí ìkejì. Ẹ fetí sí àdó olóró yẹn. Inú àpò oníṣègùn ni àdó ti wá, kò sì sí ẹni tó ń rántí mọ́ nígbà tó bá ń gbọ́ ìròyìn. Èyí tí wọ́n ń jù ní Kohima, àdó àfọwọ́jù ni mo pè é.

Nígbà tó di òpin oṣù karùn-ún, Sato kó ogun rẹ̀ kúrò láìgba àṣẹ, wọ́n sì yọ ọ́ nípò. Mi ò kọ pé ó sá. Ẹni tó sá gbàgbé àwọn tó kó wá, Sato ní tirẹ̀ rí i pé wọn yóò kú tán ni. Àwọn ológun Japan fúnra wọn ní ọ̀rọ̀ kan, tenshin, tí wọ́n fi kéde kíkúrò wọn ní Guadalcanal ní 1943. Ohun tó túmọ̀ sí ni kí èèyàn yíjú kó sì máa tẹ̀ síwájú. Olùtumọ̀ kan lè fẹ́ tún un ṣe, kó kọ pé wọ́n padà sẹ́yìn. Èmi ò ní í ṣe bẹ́ẹ̀. Irọ́ ni ọ̀rọ̀ náà, kí irọ́ rẹ̀ bá a wọ Yorùbá: wọ́n yíjú ogun síbòmíràn.

Wọ́n dá U-Go dúró ní oṣù keje, nínú òjò. Àwọn ọmọ ogun Japan tó kú tó 30,000, ebi àti àìsàn ló sì pa èyí tó pọ̀ jù. Ọ̀nà tí wọ́n gbà padà ni Japan ń pè ní Ọ̀nà Egungun Funfun. Ẹ jọ̀ọ́, ẹni tó bá fẹ́ tẹ èyí jáde kó má ṣe yọ àmì ohùn kúrò níbòmíràn kó wá fi sí ibí yìí: bí egungun bá di egúngún, àwọn òǹkàwé wa á máa retí ìlù.

Àwọn tiwa wà nínú ogun Bọ́mà. Dífíṣọ̀n Kọkànlélọ́gọ́rin ti Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà wà ní àfonífojì Kaladan, ẹrù wọn sì wà lórí àwọn arẹrù. Isaac Fadoyebo, ọmọ Emùrẹ́-Ilé lẹ́bàá Ọ̀wọ̀, ń tọ́jú àwọn tó fara gbọgbẹ́ níbẹ̀. Ní oṣù kẹta 1944, Japan yọ sí wọn lẹ́bàá odò, ọta ìbọn sì ṣẹ́ ẹ lẹ́sẹ̀. Àgbẹ̀ Mùsùlùmí kan níbẹ̀ ló fi òun àti David Kargbo, ọmọ Sierra Leone, pamọ́ fún oṣù mélòó kan, títí àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì fi padà dé ní ìparí ọdún náà.

Láti ojú ọ̀run ni oúnjẹ dífíṣọ̀n náà ti ń wá, ó ń fi aṣọ tó là bí agbòòrùn bọ̀ wálẹ̀. Páráṣúùtì ni mo ṣì ń kọ, kò sì tẹ́ mi lọ́rùn. Àwọn sọ́jà wa rí i lójoojúmọ́ fún ọ̀pọ̀ oṣù, wọn kò sì ní í ṣàìfún un lórúkọ. Bí bàbá yín tàbí bàbá ìyá yín bá lọ Bọ́mà, tí ẹ sì rántí ohun tó ń pè é, ẹ bá mi kọ ọ́ sílẹ̀, kí ẹ fi àmì ohùn sí i.