Ohun tó yẹ ká fi lé macro lọ́wọ́ nínú iṣẹ́ olóòtú ìwé Yorùbá

Bí olóòtú bá gba ìwé Yorùbá tí ènìyàn mẹ́ta jọ kọ, ọ̀rọ̀ kan náà, ‘ọjọ́’, lè wà nínú rẹ̀ ní ọ̀nà mẹ́ta tí ojú kò lè tètè yà sọ́tọ̀. Òǹkọ̀wé kan lo ọ tí àmì abẹ́ rẹ̀ ti wà lára rẹ̀, èyí tí Unicode, ìlànà tó ń fún lẹ́tà àti àmì kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà lórí kọ̀ǹpútà, pè ní U+1ECD. Èkejì tẹ o lásán, ó wá tẹ àmì roboto abẹ́ lẹ́tà lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ̀kẹta kò lo àmì roboto rárá. Ìlà kékeré tó dúró ṣánṣán ló fi sábẹ́ lẹ́tà, àmì mìíràn pátápátá sì ni ìyẹn lójú kọ̀ǹpútà. Bí olóòtú bá ní kí ẹ̀rọ wá ‘ọjọ́’, ó lè rí ti ẹni àkọ́kọ́ kó sì fo ti àwọn méjì yòókù. Unicode kò ní ọ́ tàbí ẹ̀ ní odindi lẹ́tà kan ṣoṣo fún wa, bó tilẹ̀ ní ệ fún àwọn ará Vietnam; a ní láti to tiwa pọ̀ ni.

Irú iṣẹ́ yìí gan-an ni macro wà fún. Àkójọ àṣẹ ni macro, tí Microsoft Word tàbí LibreOffice yóò máa ṣe ní tẹ̀léǹtẹ̀lé nígbà tí a bá tẹ bọ́tìnì kan. Olóòtú lè jẹ́ kí Word gba iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀ bó ṣe ń ṣe é, ó sì lè fi VBA, èdè àṣẹ tó wọlé pẹ̀lú Word 97, kọ ọ́ fúnra rẹ̀. Èrò tí mò ń gbè lẹ́yìn níbí ni pé kí olóòtú ìwé Yorùbá fi gbogbo ohun tí kò gba òye lé macro lọ́wọ́ láìṣojo, ṣùgbọ́n níbi tí ọ̀rọ̀ bá ti kan ìtumọ̀, kí macro tọ́ka sí ibẹ̀ kó sì dúró.

‘Ọjọ́’ olójú mẹ́ta yẹn kò gbà ju ìlà àṣẹ díẹ̀ lọ. Nínú VBA, ChrW(809) ni ìlà tó dúró ṣánṣán, ChrW(803) ni àmì roboto. Kí macro kọ́kọ́ sọ gbogbo 809 di 803, kó wá so o àti 803 pọ̀ di 7885, tí í ṣe odindi ọ, kó sì mú ó (243) tí 803 tẹ̀ lé wá sí ojú ọ̀nà kan náà. Bákan náà ni fún ẹ àti ṣ. Ìpele yìí gbọ́dọ̀ ṣáájú gbogbo ìyókù. Macro tó bá lọ tún sípẹ́lì ṣe kí àwọn lẹ́tà tó ṣọ̀kan yóò fo apá kan ìwé, olóòtú kò sì ní mọ̀, torí pé ibi tí ẹ̀rọ kò rí kì í ní àpá.

Àkọtọ́ ló kàn. Èyí tí Joint Consultative Committee on Education fọwọ́ sí ní 1974 ti lé ní àádọ́ta ọdún, síbẹ̀ àwọn tí wọ́n fi ìwé àtijọ́ kọ́ ìwé kíkà ṣì ń kọ aiye, enia, ẹiyẹ àti Oshogbo. Ibì kan ṣoṣo ni ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn lè lọ: ayé, ènìyàn, ẹyẹ, Òṣogbo. Kí macro tún wọn ṣe láti ojú ewé àkọ́kọ́ dé ìkẹyìn. Àyọlò nìkan ni kó má fọwọ́ kàn. Ohun tí Fágúnwà tẹ̀ jáde ní 1938, bó ṣe kọ ọ́ ló yẹ ká bá a. Nítorí náà kí olóòtú kun àwọn àyọlò ní àwọ̀ kan ṣáájú, kó sì pàṣẹ kí macro fo ibikíbi tó bá ní àwọ̀ yẹn.

Ibi tí ẹsẹ̀ ti ń yọ̀ ni ‘nwọn’. Ẹni tó bá ń kánjú yóò ní kí ẹ̀rọ sọ ọ́ di ‘wọ́n’ níbi gbogbo. Ṣùgbọ́n ‘wọ́n lọ’ la ń wí, ‘wọn kò lọ’ la sì ń wí. Ẹnìkan lè dáhùn pé kí a kọ òfin fún un: bí ‘ko’ bá tẹ̀ lé e, kó di ‘wọn kò’. Ó dára, kí wá ni ẹ̀rọ yóò fi ‘nwọn ko ẹru’ ṣe? Ẹni tó gbọ́ Yorùbá nìkan ló lè mọ̀ bóyá wọ́n kó ẹrù. Ọ̀rọ̀ tó dà bíi pé kò lè fa ìjàngbọ̀n pàápàá ní pàkúté tirẹ̀. ‘Awọn’ di ‘àwọn’ láìsí wàhálà nínú ọ̀pọ̀ ìwé, títí a ó fi gba àpilẹ̀kọ nípa àwọn apẹja, tí macro yóò sì gba àwọ̀n lọ́wọ́ wọn.

Fún irú ọ̀rọ̀ báyìí, nwọn, ko, si, ti, awọn, kí macro kùn wọ́n ní àwọ̀ yẹ́lò, kó má ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ. Macro kékeré mìíràn yóò wá gbé olóòtú láti orí ọ̀kan bọ́ sí òmíràn: bọ́tìnì kan fún ‘kò’, òmíràn fún ‘kó’, kó tẹ̀ ẹ́, kó kọjá. Ibí ni èrè iṣẹ́ náà pọ̀ sí jù. Ọwọ́ sinmi, ojú kò wá ibi kiri mọ́, gbogbo agbára olóòtú wá wà lórí ìbéèrè kan ṣoṣo: kí ni òǹkọ̀wé ń sọ níbí? Paul Beverley, olóòtú kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó ti fi ọgọ́rọ̀ọ̀rún macro sílẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́ fún àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ nínú ìwé rẹ̀, Macros for Editors, ní ọ̀kan tó ń jẹ́ ProperNounAlyse. Kì í yí ohunkóhun padà. Ó kàn ń kó àwọn orúkọ tí sípẹ́lì wọn jọra jọ, kí olóòtú lè rí i bí ẹnìkan ṣoṣo bá ń jẹ́ orúkọ méjì. Irú ìwà yẹn ni mo fẹ́ kí macro Yorùbá ní.

Àwọn tó ń bẹ̀rù macro nítorí kòkòrò kọ̀ǹpútà kò ṣì wí. Inú macro Word ni kòkòrò tó ń jẹ́ Melissa gbà tàn kálẹ̀ ní 1999, láti 2022 sì ni Microsoft ti ń dínà macro inú fáìlì tó bá ti íntánẹ́ẹ̀tì wá. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kíkọ tí ojú lè kà ni àṣẹ macro. Nítorí náà, kí jọ́nà Yorùbá kọ̀ọ̀kan tẹ àṣẹ rẹ̀ pọ̀ mọ́ ìlànà ìkọ̀wé tó ń fún àwọn òǹkọ̀wé, ìlà kan fún ìyípadà kan, pẹ̀lú àkọsílẹ̀ àwọn ọ̀rọ̀ tó fi sílẹ̀ fún ojú ènìyàn. Òǹkọ̀wé tí a bá yí ọ̀rọ̀ rẹ̀ padà yóò rí ìlà tó yí i, yóò sì lè jiyàn.