Ẹgbẹ́ Akọrin Kàtídírà Marina

Inú ṣọ́ọ̀ṣì ni orin ẹlẹ́gbẹ́ akọrin ti Yúróòpù ti ta gbòǹgbò ní Nàìjíríà. Èyí tó lókìkí jù nínú àwọn ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ ni ti Kàtídírà àwọn Áńgílíkà ní Marina, Èkó, ilé ìjọsìn tí wọ́n fi òkúta ìpìlẹ̀ rẹ̀ lélẹ̀ ní 1925, tí wọ́n sì parí ní 1946.

Ekundayo Phillips ló sọ ẹgbẹ́ náà di nǹkan. Trinity College of Music ní London ló ti kọ́ṣẹ́ orin. Ní 1914, wọ́n fi í ṣe atẹdùùrù àti ọ̀gá orin Kàtídírà, kò sì kúrò níbẹ̀ títí di 1962. Ọdún 48! Àwọn ọmọdékùnrin ló ń kọ ohùn òkè, àwọn àgbà ọkùnrin ń gbè wọ́n lẹ́sẹ̀, wọ́n sì ń kọ iṣẹ́ Handel, olórin òyìnbó nì, bí ẹni tó gbọ́ ọ láti inú oyún. Dùùrù kì í jìnnà sí wọn.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe Handel ni iṣẹ́ tó tóbi jù tí Phillips ṣe. Ọ̀rọ̀ nìkan ni àwọn tó tú orin ìsìn òyìnbó sí Yorùbá yí padà; ohùn orin ò yí. Bí ohùn bá ń gòkè níbi tí ẹnu wa ti ń sọ̀kalẹ̀, ìtumọ̀ a dàrú, àwọn tó ń kọrin nínú ìwé orin Áńgílíkà láti Èkó dé Odigbo sì ti mọ̀ ọ́n lára. Phillips ṣe orin tuntun tó tẹ̀lé bí a ṣe ń sọ̀rọ̀, ó sì kọ èrò rẹ̀ sínú ìwé kan, *Yoruba Music*, ní 1953.

Abẹ́ rẹ̀ ni Fela Sowande àti Ayo Bankole ti kẹ́kọ̀ọ́. Bankole lọ tẹ dùùrù ní Cambridge. Sowande gba oyè atẹdùùrù tó ga jù ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1943.

Orin náà ti jáde kúrò ní ṣọ́ọ̀ṣì báyìí. Wọ́n dá ẹgbẹ́ MUSON (Musical Society of Nigeria) sílẹ̀ ní 1983, ilé ẹ̀kọ́ orin wọn sì tẹ̀lé e ní 1989. Ní gbọ̀ngàn wọn ní Oníkàn, tíkẹ́ẹ̀tì lèèyàn ń rà, kò dìgbà téèyàn bá gbé Bíbélì dání. Emeka Nwokedi, tó darí akọrin MUSON, ló tún ń darí Lagos City Chorale.