Àwọ̀ orí: ọ̀rọ̀ dáì láàárín òbí àti ọmọ ní Abúlé Adó

Ọ̀rọ̀ irun ló gbé wa dé lónìí. Ọ̀kan nínú wa ló dá a sílẹ̀ lẹ́yìn kíláàsì, nígbà tó fi fọ́tò ara rẹ̀ hàn wá lórí fóònù: irun dúdú kirikiri láti ìpìlẹ̀, ṣùgbọ́n ṣóńṣó rẹ̀ pọ́n bí ọtí wáìnì. A rẹ́rìn-ín, a bi í pé ṣé àwọn òbí rẹ̀ kò sí nílé ni. Ó ní wọ́n wà nílé, wọ́n gbà ni, ó sì gbà á ní oṣù mẹ́ta gbáko kí wọ́n tó gbà.

Abúlé Adó ni wọ́n ń gbé, ní ìjọba ìbílẹ̀ Amúwo-Ọ̀dọ̀fin l'Ékòó. Ọ̀pọ̀ ènìyàn kò gbọ́ orúkọ àdúgbò yìí rí títí di ọjọ́ 15 oṣù Ẹrẹ́nà ọdún 2020, tí nǹkan bú gbàmù níbẹ̀, tó pa ènìyàn tó lé ní ogún, tó sì sọ ilé di òkìtì àlàpà. Àwọn ọmọ ibẹ̀ mọ̀ ọ́n fún nǹkan mìíràn pẹ̀lú. Festac wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, ọjà Trade Fair wà nítòsí, ibẹ̀ ni àwọn tó ń ta ìpara, wíìgì àti dáì pọ̀ sí bí eèrà. Ọmọ tó bá dàgbà síbẹ̀ kò nílò kí ẹnikẹ́ni kọ́ ọ ní orúkọ àwọ̀.

Ìparí ọdún 2021 ni. Ọmọ ọdún 17 ni ọ̀rẹ́ wa, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe ìdánwò Wáẹ́ẹ̀kì tán, irun tí wọ́n ń gé fún un mọ́lẹ̀ ní iléèwé sì ti ń hù padà. Ó tọ Mọ́mì rẹ̀ lọ. Mọ́mì ní kó lọ bá Dádì. Dádì kò tilẹ̀ jẹ́ kó parí gbólóhùn. Ó ní, "Ọmọ Yorùbá kì í kun orí. Kò sí nínú àṣà wa." Ó tún tẹ ìwé ìròyìn rẹ̀ sójú, ọ̀rọ̀ bùṣe.

Ẹ̀kọ́ Yorùbá ni àwa ń kọ́ ní fásitì, nítorí náà gbólóhùn yẹn kò lè kọjá lára wa lásán. Ṣé òótọ́ ni pé ọmọ Yorùbá kì í kun orí?

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti ojúbọ. Ẹni tí wọ́n bá fẹ́ fi jẹ ìyàwó òrìṣà, wọ́n á kọ́kọ́ fá orí rẹ̀ kodoro, wọ́n á wá fi ẹfun, osùn àti wájì kùn ún: funfun, pupa, búlúù. Ara aró ẹ̀lú ni wájì ti ń wá, ẹ̀lú kan náà tí àwọn aláró Abẹ́òkúta àti Òṣogbo fi ń pa adìrẹ. Ẹlẹ́gùn Ṣàngó, bó tilẹ̀ jẹ́ ọkùnrin tó nírùngbọ̀n, a máa di irun bí obìnrin. Ní ààfin Ọ̀yọ́, àwọn ìlàrí, ìránṣẹ́ ọba, ní irun tiwọn. Samuel Johnson kọ ọ́ sínú ìwé ìtàn rẹ̀ tó jáde ní ọdún 1921 pé apá kan orí wọn ni wọ́n máa ń fá, tí wọ́n á fi èkejì sílẹ̀, kí ẹnikẹ́ni tó bá rí wọn lójú ọ̀nà lè mọ̀ pé ọba ló rán wọn. Àwọn Mùsùlùmí wa náà kò ṣàjèjì sí làálì.

Nígbà tí a kó gbogbo èyí jọ, inú wa dùn, a rò pé a ti borí Dádì. Ṣùgbọ́n bí a ṣe ń bá a lọ, a rí i pé ọ̀rọ̀ bàbá náà kò ṣófo tó bí a ṣe rò. Nínú gbogbo àpẹẹrẹ wọ̀nyí, kò sí ẹni tó jí ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan tó ní àwọ̀ báyìí wu òun. Àwọn ẹlòmíì ló fi àmì náà sí i lórí, àmì náà sì ń sọ ti ẹni tí ó jẹ́: ti òrìṣà ni, ti ọba ni. Nítorí náà, tí bàbá kan bá rí àwọ̀ lórí ọmọ rẹ̀, ìbéèrè tó wà lábẹ́ ìbínú rẹ̀ ni pé, ta ló ni ọ́ báyìí? Ìbéèrè tó ti pẹ́ ni. Ọ̀rẹ́ wa ní ká ní òun ti mọ̀ bẹ́ẹ̀ nígbà náà, òun ì bá ti dáhùn ní ọjọ́ kìn-ín-ní dípò kí òun máa sunkún.

Ìtàn dáì inú páálí, èyí tí wọ́n ń tà ní Trade Fair, yàtọ̀. Ọmọ ọdún 18 ló dá a sílẹ̀ láìmọ̀. Ní ọdún 1856, William Perkin, akẹ́kọ̀ọ́ kan ní London, ń wá bí yóò ṣe ṣe kùínì, oògùn ibà, látinú ohun tí wọ́n ń rí nínú ọ̀dà èédú. Kò rí kùínì. Aró aláwọ̀ àlùkò ló rí, aró àkọ́kọ́ tí a fi kẹ́míkà ṣe tó sì di ọjà ńlá káàkiri ayé. Ọ̀gá rẹ̀, August Hofmann, ló ṣàwárí èròjà kan ní ọdún 1863 tí wọ́n ń pè ní PPD, èyí tó máa ń mú kí dáì dúdú di irun mú ṣinṣin. Nígbà tó di ọdún 1907, Eugène Schueller ní ilẹ̀ Faransé ti ń po dáì fún àwọn onídìrí ìlú Paris, ọdún méjì lẹ́yìn náà ló dá iléeṣẹ́ tí a mọ̀ lónìí sí L'Oréal sílẹ̀. Wọn kò fi aró ti ilẹ̀ wa náà sílẹ̀: láti ọdún 1897 ni iléeṣẹ́ BASF ní Jámánì ti ń ta aró ẹ̀lú tí kò rí ewé ẹ̀lú sójú rí. Ẹ béèrè lọ́wọ́ àwọn ìyá aláró.

Ẹ jẹ́ ká padà sílé. Dádì sọ pé àṣà, ṣùgbọ́n ìlú tí à ń gbé nítòsí rẹ̀, nítorí àṣà gan-an ni wọ́n ṣe kọ́ ọ. Festac Town ni wọ́n kọ́ fún àwọn àlejò tó wá síbi àjọ̀dún àṣà àwọn ènìyàn dúdú, tó wáyé láti ọjọ́ 15 oṣù Ṣẹ́rẹ́ títí di ọjọ́ 12 oṣù Èrèlé ọdún 1977. Ní àwọn ọdún yẹn, J. D. 'Okhai Ojeikere ń gbé kámẹ́rà rẹ̀ káàkiri, ó ń ya orí àwọn obìnrin láti ẹ̀yìn àti láti ẹ̀gbẹ́. Ó ti bẹ̀rẹ̀ láti ọdún 1968, fọ́tò irun tó yà sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ẹgbẹ̀rún kan kó tó kú ní ọdún 2014. Nínú wọn ni Onílé Gogoro wà, irun tí wọ́n fi òwú ṣe, tó nàró sókè bí àwọn ilé alájà púpọ̀ tó ń yọ l'Ékòó nígbà náà. Àwọn ìyá wa àgbà fi ilé gogoro rù sórí, wọ́n gba ọjà lọ. Ó dá wa lójú pé bàbá kan wà nígbà yẹn náà tó ní kò sí nínú àṣà wa.

Dádì fúnra rẹ̀ ńkọ́? Ní oṣù Òkúdù ọdún 1998, òun àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ pariwo títí ohùn wọn fi há nígbà tí Nàìjíríà na Spain ní góòlù 3 sí 2 nínú Ife Àgbáyé ní Faransé. Taribo West wà lẹ́yìn, ó di irun kéékèèké, àwọ̀ ewé ló wà lórí. Dádì kò rántí pé òun sọ̀rọ̀ àṣà lọ́jọ́ náà. Nínú ìdíje yẹn kan náà ni àwọn agbábọ́ọ̀lù Romania kun orí ní pupa rúsúrúsú, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ gbogbo wọn lẹ́ẹ̀kan náà, tí wọ́n fi gbá Tunisia.

Kì í ṣe ìtàn ló ṣí ilẹ̀kùn o. Yómbò ni.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta mẹ́ta ni Dádì ń lọ sọ́dọ̀ onígbàjámọ̀, tí wọ́n á fi yómbò pa ewú rẹ̀ dúdú. Gbogbo ìgbà tó bá ti dé ni iwájú orí á máa yún un, etí á wú díẹ̀. Kílípà ló ń bú. Ọmọ rẹ̀ ka ẹ̀yìn páálí dáì tirẹ̀, ó rí i pé wọ́n ní kéèyàn kọ́kọ́ fi díẹ̀ pa ìgúnpá nínú, kó dúró fún wákàtí 48. Ó ṣe é fún ara rẹ̀, nǹkan kan kò ṣe é. Ó wá kúnlẹ̀, ó ní, "Dádì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká fi yómbò dán apá tiyín náà wò." Bàbá rẹ́rìn-ín, ó na ọwọ́. Kó tó di òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, ibẹ̀ ti pọ́n, ó ti sú. Dókítà awọ ara sọ fún un pé PPD ni ara rẹ̀ kọ̀, kó má lò ó mọ́, nítorí ó máa ń le sí i ni.

A rò pé ibẹ̀ ni yóò ti ní kí ẹnikẹ́ni má kun orí mọ́ nínú ilé náà. Ó fẹ́ sọ bẹ́ẹ̀. Mọ́mì ló gba ọ̀rọ̀ náà lẹ́nu rẹ̀: ọmọ yẹn ló wá ohun tó ń ṣe yín rí, ó sì ti dán tirẹ̀ wò kó tó bẹ̀bẹ̀. Wọ́n jókòó, wọ́n ṣe àdéhùn. Ṣóńṣó irun nìkan, kó má kan awọ orí. Mọ́mì á tẹ̀ lé e lọ sọ́dọ̀ onídìrí. Bí ó bá ti rí fásitì wọ̀, á gé e kúrò kó tó lọ forúkọ sílẹ̀. Ó gé e lóòótọ́, ìdí nìyẹn tí fọ́tò nìkan fi ṣẹ́kù.

Àbúrò rẹ̀ ọkùnrin gbọ́, ó ní òun náà fẹ́ kun tòun ní wúrà. Ọmọ ọdún 15 ni. Dádì kò pariwo lọ́tẹ̀ yìí. Ó ní kí ó jókòó, ó bi í bóyá ó rántí oṣù Ọ̀wàrà ọdún 2020, ohun tí àwọn ọ̀dọ́ ń torí rẹ̀ jáde sí títì, bí àwọn ọlọ́pàá ṣe ń já ọmọkùnrin sílẹ̀ nínú ọkọ̀ nítorí irun rẹ̀ àti fóònù rẹ̀. Ó ní òun kì í sùn títí ọmọ òun ọkùnrin á fi ti ọ̀nà Badagry wọlé. Àwa náà gbìyànjú láti wá èsì sí ìyẹn látinú ìwé. Mọ́mì dákẹ́. Ọmọ náà ti pé ọdún 18 báyìí, ó sì tún ti ń bẹ̀bẹ̀. Bàbá rẹ̀, tí orí rẹ̀ ti funfun báláú, kò tíì dá a lóhùn.