Àwọn àmì inú ìtọ̀ nínú àtọ̀sí ajá

Àwọn àmì inú ìtọ̀ nínú àtọ̀sí ajá ni àwọn ohun tí a lè rí tàbí kí a wọ̀n nínú ìtọ̀ láti mọ̀ bóyá àrùn yìí wà lára ènìyàn, bí ó ti le tó, àti bóyá oògùn ti ṣiṣẹ́. Aràn tí à ń pè ní Schistosoma haematobium ni ó ń fa àtọ̀sí ajá, ó sì wà lára àwọn ohun tí ń fa ìrora ọlọ́jọ́ pípẹ́ nínú àpò ìtọ̀ ní ilẹ̀ Áfíríkà. Ẹ̀gùá, ní Ìjọba Ìbílẹ̀ Àríwá Yewa ní Ìpínlẹ̀ Ògùn, jẹ́ ọ̀kan lára àwọn ìlú tí a ti ṣe ìwádìí lórí àwọn àmì wọ̀nyí.

Orúkọ

Àtọ̀sí ajá yàtọ̀ sí àtọ̀sí tí à ń kó nípa ìbálòpọ̀. Kò ti ara ajá wá, bẹ́ẹ̀ ni ìbálòpọ̀ kì í tàn án. Àṣìmọ̀ yìí lè mú kí aláìsàn fi ìtọ̀ ẹlẹ́jẹ̀ pamọ́ nítorí ìtìjú, tàbí kí ó máa lo oògùn tí kò lè pa aràn.

Bí àrùn náà ṣe ń ṣẹlẹ̀

Bí ẹni tí ó ní àrùn náà bá tọ̀ sínú odò, ẹyin aràn a pa nínú omi. Ọmọ aràn a wọ inú ìṣáwùrú tí à ń pè ní Bulinus, a dàgbà níbẹ̀, a jáde, a sì gba awọ ara wọlé sára ẹni tí ó bá wẹ̀ tàbí tí ó fọṣọ nínú omi náà. Aràn tí ó ti dàgbà ń gbé inú iṣan ẹ̀jẹ̀ tí ó yí àpò ìtọ̀ ká. Ẹyin tí kò bá bá ìtọ̀ jáde a há sí ara àpò náà, a sì fa wíwú, àpá, ìrora àti ẹ̀jẹ̀. Bí ó bá pẹ́, ó lè di jẹjẹrẹ àpò ìtọ̀.

Àwọn àmì

Ẹyin aràn ni àmì tí ó dájú jù. Ọ̀sán ni ó ń jáde jù, nítorí náà ni a ṣe ń gba ìtọ̀ láàárín aago 10 àárọ̀ sí aago 2 ọ̀sán. Bí ẹyin inú mílílítà 10 ìtọ̀ bá tó 50, àrùn náà ti le. Ẹ̀jẹ̀ inú ìtọ̀ ni àmì kejì. Bí ojú kò tilẹ̀ rí i, bébà àyẹ̀wò lè fi í hàn.

Ìdáhùn sí ìwòsàn

Praziquantel ni oògùn rẹ̀, mílígíráàmù 40 fún kílógíráàmù kọ̀ọ̀kan tí aláìsàn wọ̀n. Oògùn yìí ń pa aràn tí ó ti dàgbà, ṣùgbọ́n agbára rẹ̀ kò tó lórí èyí tí ó kéré. Ìdí nìyí tí a fi ń tún ìtọ̀ yẹ̀ wò lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Òkú ẹyin ṣì lè máa jáde fún ìgbà díẹ̀, àpá inú àpò ìtọ̀ sì lè máa dunni lẹ́yìn tí aràn ti kú. Bí ẹyin bá ti tán ṣùgbọ́n tí ẹ̀jẹ̀ tàbí ìrora kò lọ, ó yẹ kí oníṣègùn yẹ àpò ìtọ̀ fúnra rẹ̀ wò.

Ìwádìí ní Ẹ̀gùá

Ní ọdún 2016, Olugbenga Onile, Chiaka Anumudu àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn gbé ìwádìí jáde lórí àwọn àgbàlagbà ní Ẹ̀gùá. Wọ́n lo ẹ̀rọ tí ń fi ìró ya àwòrán inú ara, wọ́n sì rí ìbàjẹ́ nínú àpò ìtọ̀ àwọn kan tí ó ní àrùn náà. Àwọn ìwádìí tí ó tẹ̀lé e ní 2017 àti 2018 wá àmì tuntun nínú prótéènì, bakitéríà àti àwọn èròjà mìíràn inú ìtọ̀, láti fi dá ìbàjẹ́ àpò ìtọ̀ mọ̀ kí ó tó burú. Àyẹ̀wò wọ̀nyí kò tíì rọ́pò kíka ẹyin ní ilé ìwòsàn.