Àlọ́ Ni Tàbí Ohun Tó Lè Ṣẹ?

Àwọn àgbà ní abéèrè kì í ṣìnà. Èmi àti ọmọ mi ọkùnrin jọ wo Star Wars, sinimá tó jáde ní 1977. Bó ti parí ló ní, "Bàbá, ṣé irú èyí lè ṣẹlẹ̀?"

Mo ní, "Àlọ́ ni gbogbo ẹ̀."

Ó ní, "Ọkọ̀ tó gbé ènìyàn dé òṣùpá ní 1969 ńkọ́? Ṣé àlọ́ nìyẹn náà?"

Ẹ̀yin òǹkàwé mi, ọ̀rọ̀ pèsì jẹ. Mo bá lọ wádìí.

Ní 1902, Georges Méliès, onídán ará Faransé, ṣe sinimá nípa ìrìn àjò sí òṣùpá. Wọ́n kó àwọn ènìyàn sínú ọta àgbá ńlá, wọ́n yìn ín lọ sókè, ọta náà sì gún òṣùpá lójú. Agboòrùn ni wọ́n fi lu àwọn ará ibẹ̀ tí wọ́n fi di èéfín. Kò sẹ́ni tó béèrè ìdí. Bí a bá ń pàlọ́, ta ní ń bi wá bí igi ṣe sọ̀rọ̀?

Ọ̀nà mìíràn ni Fritz Lang gbà ní Jámánì ní 1929, nígbà tó ṣe Frau im Mond, ìyẹn "Obìnrin Nínú Òṣùpá." Ó pe Hermann Oberth, onímọ̀ rọ́kẹ́ẹ̀tì, kó wá gbà á nímọ̀ràn. Ìpele ìpele ni rọ́kẹ́ẹ̀tì inú rẹ̀. Bí epo ìpele kan bá tán, wọn a já a sọ nù kí ìyókù lè fúyẹ́. Wọ́n tún ka nọ́ńbà wálẹ̀ kó tó gbéra. Lang náà bu iyọ̀ sí i o: àwọn ènìyàn rẹ̀ ń mí fàlàlà lórí òṣùpá. Síbẹ̀, ní ogójì ọdún lẹ́yìn náà, wọ́n ka nọ́ńbà wálẹ̀ fún Apollo 11, ìpele ìpele ni rọ́kẹ́ẹ̀tì tiẹ̀ náà.

Ìjọba Hitler gbẹ́sẹ̀ lé sinimá yìí, torí ó jọ rọ́kẹ́ẹ̀tì ogun tí wọ́n ń ṣe ní ìkọ̀kọ̀. Ní 1944, rọ́kẹ́ẹ̀tì ọ̀hún, V-2, bẹ̀rẹ̀ sí í já lu London, ó sì ń pa ènìyàn. Àbí, ta ni í fi àlọ́ pamọ́ fún ọ̀tá?

Star Wars ńkọ́? Ọkọ̀ rẹ̀ ń fò, ṣùgbọ́n agbára àìrí ló ń ṣiṣẹ́ nínú rẹ̀, bọ́ǹbù sì ń dún níbi tí kò sí afẹ́fẹ́. Àlọ́ tó wọ aṣọ sáyẹ́ǹsì ni.

Mo wá sọ fún ọmọ mi pé, "Má wo ọkọ̀. Béèrè pé, 'Báwo ló ṣe ń ṣe é?' Bí wọn ò bá jẹ ọ́ ní gbèsè èsì, àlọ́ ni, gbádùn ẹ̀. Bí wọ́n bá jẹ ọ́, ó lè ṣẹ lọ́la. Ìgbà náà ni kó o béèrè ẹni tó fẹ́ mú un ṣẹ, àti ohun tó fẹ́ fi ṣe."